Ilé Là Á Wò Ká Tó Sọ Ìgbín Lórúkọ: Àwọn Ìgbín Kéékèèké Etí Òkun Ìlàjẹ

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa fojú kà á, àkọsílẹ̀ ohun tí a sọ lórí ètò ti ọ̀sẹ̀ yìí rèé. A ò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀ àfi ikọ́ àti ẹ̀rín.

Lónìí, etí òkun Ìlàjẹ là ń lọ, ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti wúlò ju mọ́tò lọ. Ọ̀rọ̀ ìgbín ló gbé wa lọ. Kì í ṣe ìgbín tí à ń fi se ọbẹ̀ o. Ìgbín òkun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mẹ́wàá rẹ̀ lè dùbúlẹ̀ lórí èékánná àtàǹpàkò yín, tí àyè yóò sì tún ṣẹ́ kù. Ìbéèrè méjì la fẹ́ dáhùn. Èkíní: báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe ń wo ìkarahun irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á sì sọ pé ẹ̀yà báyìí ni èyí, ẹ̀yà báyìí ni tọ̀hún? Èkejì: kí ló kan ará Ìlàjẹ níbẹ̀, nígbà tí òkun ń wó ilé mọ́ àwọn èèyàn lórí?

Ẹ fara balẹ̀, a óò dé orí méjèèjì.

Ẹ̀kúnwọ́ ẹrẹ̀ kan

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí a dúró sí. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ pín etí òkun Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́rin. Láti Badagry títí kọjá Lẹ́kí, yanrìn ló wà níwájú, ọ̀sà ló wà lẹ́yìn. Bí a bá lọ jìnnà sí ìlà oòrùn, ẹnu Odò Ọya àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ló gba ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, yanrìn tún bẹ̀rẹ̀ lọ sí ìhà Calabar. Àárín yanrìn Èkó àti ẹnu Odò Ọya ni etí òkun ẹlẹ́rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Màhín wà, ìyẹn ilẹ̀ Ìlàjẹ. Níbẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú ló ń pàdé òkun ní ibi púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun abẹ̀mí tó wà níbẹ̀ kì í fi í bá ti Badagry dọ́gba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun kan náà ni.

Bí ẹ bá wá bu ẹ̀kúnwọ́ ẹrẹ̀ nídìí igi ẹ̀gbà, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń ta dúró lójú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn, tí ẹ dà á sínú asẹ́ tí ojú rẹ̀ há bí asẹ́ ògì, tí ẹ sì fi omi ṣàn án títí ẹrẹ̀ yóò fi lọ, ohun tó kù nísàlẹ̀ asẹ́ máa dà bí ìdọ̀tí lásán. Èérún igi, yanrìn díẹ̀, èépá akàn. Ẹ sá a gbẹ, kí ẹ dà á sórí bébà dúdú, kí ẹ wá fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Ìgbà náà lẹ máa rí i pé àwọn kan nínú "yanrìn" yẹn ní ẹnu, wọ́n ní ṣóńṣó, wọ́n sì yí po. Ìkarahun ni wọ́n.

Ìgbín òkun tí kò ju mìlímítà márùn-ún lọ pọ̀ jọjọ láyé. Ní New Caledonia, erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì, Philippe Bouchet àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilé àkójọ ohun àdánidá ti ìlú Paris kó gbogbo ìgbín àti ìṣáwùrú òkun tí ọwọ́ wọn bà ní ibì kan ṣoṣo tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 295 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Nígbà tí wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2002, ẹ̀yà 2,738 ni wọ́n kà. Àwọn tó kéré ló sì kún ibẹ̀ jù, nítorí pé wọ́n fi asẹ́ wẹ́wẹ́ sẹ́ ẹ. Ohun tó yẹ ká fà yọ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń fojú lásán ṣa ìkarahun létí omi kò tíì rí ìdajì àwọn ará ilé náà.

Àwọn baba wa náà mọ ìkarahun wò

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ òyìnbó ni wíwo ìkarahun. Owó tí àwọn baba ńlá wa ná fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, owó ẹyọ, ìkarahun ìgbín òkun ni. Òun la fi ń ka iye: ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Títí dòní, bí a bá pe "ọ̀kẹ́", àpò owó ẹyọ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ẹyọ méjì ló wà nínú ọjà nígbà náà. Ọ̀kan kéré, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ní kókó: èyí tó wá láti erékùṣù Maldives nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ni *Monetaria moneta*. Èkejì tóbi díẹ̀ jù ú lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jọ̀lọ̀, òrùka aláwọ̀ wúrà sì wà lẹ́yìn rẹ̀: *Monetaria annulus* ni, láti ìhà Zanzibar. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òkun kó ti Zanzibar yìí wá sí Èkó àti Whydah ní ọ̀pọ̀ yanturu, owó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń fi í rà lọ. Bí ó ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iyì rẹ̀ ń já.

Ẹ wò ó báyìí. Kókó ẹ̀gbẹ́, òrùka ẹ̀yìn, bó ṣe tóbi tó: ohun mẹ́ta péré, wọ́n sì tó láti sọ bóyá Òkun Íńdíà ní apá Maldives tàbí etí òkun Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni owó ọwọ́ yín ti wá. Iṣẹ́ tí ẹni tó ń fi awò wo ìgbín tó tó hóró ìrẹsì ń ṣe náà nìyẹn. Tirẹ̀ kàn kéré ni.

Ilé tí ìgbín fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́

A máa ń sọ pé ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Lọ́dọ̀ ìgbín, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òwe, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ara ìgbín kì í pẹ́ jẹrà, ṣùgbọ́n ìkarahun, tí èròjà rẹ̀ bá ti ṣọ́ọ̀kì mu, lè wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹrẹ̀.

Ìgbín kì í pààrọ̀ ilé. Ọjọ́ tó ti wà ní ìkókó ló ti ní yàrá kékeré kan, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kọ́ ilé lọ. Ètè ẹnu ìkarahun ló ń fi kún, díẹ̀díẹ̀, bí birikílà tó ń to búlọ́ọ̀kù, bó ṣe ń tò ó ló ń yí i po. Nítorí náà ṣóńṣó orí ìkarahun ni ìgbà èwe rẹ̀, ẹnu ìkarahun sì ni òní. Gbogbo ìtàn ayé ìgbín náà wà nínú ilé kan ṣoṣo, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n kà.

Báwo la ṣe ń kà á? Ẹ di ìkarahun mú kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín.

Ẹ kọ́kọ́ wo apá tí ẹnu náà wà. Bó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ìgbín náà yí sí ọ̀tún, bí ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbín ayé ṣe rí. Bó bá wà lọ́wọ́ òsì, ẹ ti yọ ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀yà kúrò nínú ìwádìí yín nìyẹn. Nínú òkun, ìdílé kan wà tí wọ́n ń pè ní Triphoridae, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, òsì sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń yí sí. Nínú omi aládùn tó wà lẹ́yìn òkun, ìgbín *Bulinus* náà ń yí sí òsì. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá, nítorí pé inú *Bulinus* ni kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá ti ń dàgbà kó tó wọ ara èèyàn. Kì í ṣe gbogbo ìgbín tó bá yí sí òsì ló ń gbé kòkòrò náà, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìlera tó bá mọ apá tí ẹnu ìkarahun wà ti mọ èyí tó yẹ kó yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ìgbà tó yí po. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ mọ ìlọ́po mélòó ni gígùn fi ju fífẹ̀ lọ. Ẹ wo ara rẹ̀: ṣé ó ń dán ni, àbí ó ní ilà? Bó bá ní ilà, ṣé òkè sí ìsàlẹ̀ ni ilà náà ń lọ, àbí ó ń bá ìyípo rìn, àbí méjèèjì pàdé bí ojú àwọ̀n, tí kókó sì wà níbi tí wọ́n ti pàdé? Ẹ wo ẹnu rẹ̀: ṣé ó rí róbótó, àbí ó gùn? Ṣé ètè rẹ̀ nípọn? Ṣé eyín wà nínú rẹ̀? Ẹ yí i sísàlẹ̀, kí ẹ wo bóyá ó ní ìdodo, ihò kékeré tó wà ní àárín gbùngbùn ibi tí ó ti yí po. Bí ìgbín náà bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ wo ìdérí ẹnu rẹ̀, èyí tó fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ìbéèrè wọ̀nyí nìkan ti tó láti pín àwọn kéékèèké etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sí ìdílé ìdílé. *Granulina* àti àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń dán bí ẹyin tí wọ́n fi òróró pa, ẹnu wọn sì gùn dé òkè. *Turbonilla* rí bí ilé gogoro tó ní òpó lára. Ara ẹranko omi mìíràn ló ti ń mu oúnjẹ rẹ̀ bí eégbọn. *Caecum* ló yani lẹ́nu jù: ó bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ ní yíyí po bí àwọn yòókù, àmọ́ tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé rẹ̀ bíi páìpù, á já apá tó yí po dànù, á wá fi nǹkan dí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní èérún igi ni.

Ìkarahun ìkókó

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù ni ṣóńṣó orí. Ìkarahun tí ìgbín ní nígbà tó wà ní ìkókó ṣì wà níbẹ̀, bí ẹ̀pa tí wọ́n lẹ̀ mọ́ góńgó. Ó lè má ju ìdá mẹ́ta mìlímítà kan lọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí lóde òní máa ń lo awò alágbára tó ń fi iná mànàmáná yàwòrán kí wọ́n tó lè rí i dáadáa.

Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ìgbín òkun ń gbà bímọ. Àwọn kan máa ń bí ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sínú agbami, tó ń wá oúnjẹ jẹ fúnra rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó padà wá jókòó sílẹ̀. Irú èyí, ìkarahun ìkókó rẹ̀ máa ń yí po lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sì máa ń kéré gan-an. Àwọn mìíràn ń pa ọmọ láti inú ẹyin tó ní oúnjẹ tó pọ̀. Ọmọ náà kì í lọ sí ibì kankan, ìdí ìyá rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rákò. Ìkarahun ìkókó tirẹ̀ máa ń tóbi, ó máa ń rí kìǹbà, ìyípo rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan àbọ̀ lọ. Gunnar Thorson ará Denmark ló la ọ̀nà yìí sílẹ̀ ní 1950, pé ẹni tó bá wo ṣóńṣó orí ìkarahun á mọ irú ìgbà èwe tí ìgbín náà lò.

Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì? Ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ lè bá ìṣàn omi lọ jìnnà. Ìṣàn omi ńlá kan wà tó ń lọ sí ìlà oòrùn ní iwájú etí òkun wa, wọ́n ń pè é ní ti Guinea; ó lè gbé ọmọ ìgbín láti Gánà wá sí ọ̀dọ̀ wa. Irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ máa ń tàn kálẹ̀. Bí òkun bá pa á run ní abúlé kan, òmíràn lè wá rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà tí ọmọ rẹ̀ kì í kúrò nídìí ìyá, àwòrò kan ṣoṣo lè jẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Bí àwòrò náà bá parẹ́, ó tán. Ọ̀pọ̀ nínú ìdílé *Marginella*, tí etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù láyé, irú ìkókó ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni wọ́n. Nítorí náà, ohun tí kò tó orí abẹ́rẹ́ lè sọ fún yín irú ìgbín tó wà nínú ewu jù.

Ẹ̀yà méjì ni, àbí aṣọ méjì?

Ẹ jẹ́ ká wá wo èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ìṣáwùrú ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pe gbogbo ìgbín omi gígùn dúdú tí wọ́n ń ṣà lórí ẹrẹ̀. Àmọ́ lábẹ́ orúkọ kan yìí, ó kéré tán, ìdílé méjì ló wà ní ọ̀sà àti ẹsẹ̀ odò wa. *Tympanotonos fuscatus* ni ọ̀kan, *Pachymelania* ni èkejì, òun náà sì ní ju ẹ̀yà kan lọ. Ẹ wo ìdérí ẹnu wọn: ti *Tympanotonos* rí róbótó, ilà tó wà lára rẹ̀ sì yí po lọ́pọ̀ ìgbà láti àárín, bí àwo orin ayé àtijọ́. Ti *Pachymelania* gùn bí ẹyin, ilà rẹ̀ kò sì yí tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan ibi tí àríyànjiyàn wà. *Tympanotonos* kan máa ń ní ẹ̀gún ṣóṣóró lára. Òmíràn kò ní ẹ̀gún rárá, kókó wẹ́wẹ́ ló tò lọ lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ Nàìjíríà, ẹ máa rí i pé wọ́n ń pe ẹlẹ́gùn-ún ní *fuscatus*, wọ́n sì ń pe oníkókó ní *radula*. Ṣé ẹ̀yà méjì ni wọ́n? Bí ẹ bá kó mẹ́ta péré, ẹ lè búra pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó ọgọ́rùn-ún, ẹ máa rí àwọn tó wà láàárín, tí ẹ̀gún wọn kò le, tí kókó wọn sì fẹ́ di ẹ̀gún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi kà wọ́n sí ẹ̀yà kan ṣoṣo tó wọ aṣọ méjì. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìkarahun kan kì í tó ẹ̀rí. Bí èèyàn kan ṣe ga, tí àbúrò rẹ̀ sì kúrú, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní torí ìyẹn sọ pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìgbín.

Ohun mẹ́ta tó máa ń tan ojú jẹ

Èkíní, ọmọdé. Ìkarahun tó kéré lè jẹ́ ti ẹ̀yà tó kéré, ó sì lè jẹ́ ọmọ ẹ̀yà ńlá tí kò tíì dàgbà. Ẹ wo ètè ẹnu rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìdílé, bí ìgbín bá ti dàgbà tán, ètè rẹ̀ máa ń nípọn, tàbí kó yọ eyín. Bí ètè náà bá ṣì fẹ́lẹ́ bí ìwé, tó lè fọ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó ṣeé ṣe kí ilé náà má tíì parí.

Èkejì, àyálégbé. Akàn kan wà tí kò ní ìkarahun tó bo ẹ̀yìn rẹ̀, inú ìkarahun ìgbín tó ti kú ló máa ń gbé, ó sì ń gbé e kiri. A máa ń sọ pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e; ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ akàn yìí, ìkarahun ń rìn láìsí ìgbín. Ibi tí ẹ ti rí ìkarahun lè má jẹ́ ibi tí onílé gbé.

Ẹ̀kẹta, ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹrẹ̀ ìdí igi ẹ̀gbà máa ń kan bí ọtí kíkan, ó sì máa ń jẹ ìkarahun. Ọ̀pọ̀ *Tympanotonos* àti *Pachymelania* àgbà ni ṣóńṣó orí wọn ti jẹ tán, ìkarahun ìkókó sì ti bá a lọ. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ wá ọmọ wọn.

Ta ló ń fúnni lórúkọ?

Ká ní ẹ rí ọ̀kan tí kò bá ìkankan mu nínú ìwé. Kí ló kàn?

Michel Adanson ará Faransé gbé ní Senegal láti 1749 títí di 1753. Ó ṣa ìkarahun, ó yà wọ́n, ó sì tẹ ìwé lórí wọn ní 1757. Iṣẹ́ ńlá ni, wọ́n ṣì ń kà á dòní. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ àgbáyé fẹnu kò pé orúkọ ẹranko tó bá ti wà ṣáájú 1758, ọdún tí Carl Linnaeus ará Sweden tẹ ẹ̀dà kẹwàá ìwé rẹ̀ jáde, kò ní í ka. Ọdún kan péré ni Adanson fi yá jù. Àwọn orúkọ tó fún ìgbín Senegal bọ́ sí ẹ̀yìn òfin, àwọn mìíràn ló sì wá tún wọn sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Òfin náà ṣì wà. Orúkọ alápá méjì ni: apá kìíní bí orúkọ ìdílé, apá kejì bí orúkọ ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ẹ̀yà tuntun lórúkọ gbọ́dọ̀ kọ àpèjúwe rẹ̀ jáde nínú ìwé tí gbogbo ènìyàn lè rí kà. Ó yẹ kó sọ ibi tó ti rí i, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn tó jọ ọ́. Ó sì sábà máa ń mú ìkarahun kan ṣoṣo kalẹ̀, á ní, "Èyí gan-an ni mo fi orúkọ yìí pè." Ilé àkójọ ni wọ́n máa ń gbé e sí, kí ọmọ tí a kò tíì bí lè lọ wò ó bí iyèméjì bá dé. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ṣì rú wọn lójú, wọ́n á yẹ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀ wò fún DNA. Ṣùgbọ́n ìkarahun náà ló máa ń kọ́kọ́ pe àkíyèsí wọn.

Láti ìgbà Adanson, àwọn mìíràn ti ṣiṣẹ́ nítòsí wa. Janet Edmunds kọ ìwé lórí ìkarahun etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Gánà ní 1978. Emilio Rolán ará Spéènì ti ṣàpèjúwe ọ̀pọ̀ ẹ̀yà kéékèèké láti Cape Verde, São Tomé àti Angola. Òkúta àti yanrìn pọ̀ ní àwọn etí omi wọ̀nyẹn. Ẹrẹ̀ Màhín yàtọ̀ sí tiwọn, ó sì yẹ kó ní ìwé tirẹ̀.

Kí ló kan Ìlàjẹ?

Ìbéèrè kejì wa rèé. Ẹni tí òkun ti gba yàrá rẹ̀ lè bi wá léèrè pé kí ni ìgbín máa ṣe fún òun. Ìbéèrè gidi ni.

Gbogbo ènìyàn ló ti gbọ́ nípa Ayétòrò, ìlú tí àwọn ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ ní 1947. Òkun ti gba ilé, ó ti gba òpópónà níbẹ̀. Ní agbègbè Awoye, omi iyọ̀ ti wọ inú irà tó jẹ́ ti omi aládùn tẹ́lẹ̀, igi sì ti kú níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, páìpù epo kan bẹ́ ní Idoho, nínú òkun Akwa Ibom; nǹkan bí àgbá 40,000 ló dà sómi, epo náà sì bá etí òkun lọ títí dé Èkó. Ìlàjẹ wà lójú ọ̀nà yẹn.

Nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni ẹ̀rí. Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Kí ló kú? A lè ka ilé, a lè ka ọkọ̀, a lè ka àwọ̀n. Ta ló ka ohun abẹ̀mí inú ẹrẹ̀? Ohun tí kò ní orúkọ, tí kò sí lákọsílẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ pé ó sọnù. Ìgbín kéékèèké sì dára fún ẹ̀rí yìí ju ẹja lọ. Ẹja lè sá. Ìgbín kì í lè sá, ibi tí omi bá bá a ló máa kú sí, ilé rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yà kan fẹ́ omi iyọ̀, èkejì fẹ́ omi aládùn, ẹ̀kẹta fẹ́ ibi tí méjèèjì ti pàdé. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹrẹ̀ irà, tí ìkarahun ìgbín omi aládùn wà nísàlẹ̀, tí ti omi iyọ̀ sì wà lórí rẹ̀, ẹrẹ̀ náà ti jẹ́rìí fún yín pé òkun ti wọlé. Àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra nìkan ló lè gbọ́ ẹ̀rí náà.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Iṣẹ́ yìí kò ní kí ẹ kọ́kọ́ gba oyè. Bí ẹ bá wà ní Igbókọ̀dá, ní Ùgbò, ní Aráròmí, tàbí bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́ tó ní ọmọ ogún nínú kíláàsì, asẹ́ kan, bébà dúdú kan àti awò kékeré kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣa ìkarahun tó ti ṣófo, kí ẹ fi àwọn alààyè sílẹ̀. Ẹ kó ti ibì kan sínú ìgò kan, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ẹ fi bébà sínú ìgò náà, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ibẹ̀, ọjọ́, àti bí ibẹ̀ ṣe rí: ṣé ẹrẹ̀ ni, ṣé yanrìn ni, ṣé ìdí igi ẹ̀gbà ni. Yíǹkì á wẹ̀ nù tí omi bá kàn án, pẹ́ńsù kì í wẹ̀. Bí ẹ bá yà á ní fọ́tò, ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín. Ìkarahun tí kò ní orúkọ ibi tí wọ́n ti rí i, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Èyí tó ní in ti di ẹ̀rí.

Lẹ́yìn náà, ilé ẹ̀kọ́ gíga wà nítòsí. Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wà ní Òkìtìpupa, òmíràn wà ní Àkúrẹ́, ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Èkó láti 1975. Àwọn tó ń kọ́ nípa ohun inú omi níbẹ̀ nílò ẹni tó mọ ọ̀nà inú àwòrò, tó sì mọ ìgbà tí omi ń fà àti ìgbà tó ń kún. Ọmọ Ìlàjẹ tó mọ ẹrẹ̀ ju ìwé lọ, òun náà ní ohun tí yóò kọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n.

Bí òkun bá sì tún gba ibì kan lọ́la, ó kéré tán, orúkọ àwọn tó gbé ibẹ̀ kò ní bá a lọ.

Ó tán fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ bá wa pín in fún ẹni tó ní ará ní etí omi. Ó dìgbà kan ná.